Àrán Kì Í Ṣe Aràn

Ọjọ́ Sátidé ni, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ lù. Onídùùrù dorí kodò lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé sí ìdí wáyà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ. Ó sé èémí, nítorí irú iṣẹ́ yẹn kì í fẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Rédíò ìyá rẹ̀ ń pariwo ní yàrá kejì. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, torí ìyá kì í gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun bí ẹni ti adìyẹ mọ́lé.

Onídùùrù kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn ará àdúgbò ló fún un lórúkọ yẹn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dùùrù oníná ló ń ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní kíbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe pé ó ń tún ti ẹlòmíràn ṣe o. Ó ti ṣe ìyẹn rí fún ọdún méjìlá, ó sì sú u. Ọjọ́ kan ló bínú, ó ní àfi kí òun ṣe ti ara òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun fúnra rẹ̀ ló ń to wáyà inú rẹ̀, òun ló ń wá ohùn tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Káfíńtà tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà ló ń bá a kan pákó ara rẹ̀. Ọdún méje ló gbà kí àkọ́kọ́ tó dún bó ṣe fẹ́. Nígbà tí yóò fi parí ogójì irú rẹ̀, irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò láti sọ dùùrù náà lórúkọ, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àrán ló pè é, torí Àrán ni inagijẹ ìyá rẹ̀. Ogójì ọdún ni ìyá fi ń fi aṣọ àrán tẹ́ inú àpótí tí àwọn olórin fi ń gbé fèrè àti gìtá wọn. Ìyá á rán an débi pé, bí o bá fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, o ò ní rí i. Àwọn olórin á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ṣé Àrán wà nílé?" Díẹ̀díẹ̀, orúkọ tí àwọn òbí ìyá sọ wọ́n di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn nìkan. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì báyìí, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Rédíò ló kù tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rẹ́.

Ètò orí rédíò tí ìyá fẹ́ràn jù ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò kọ́ni ní yunifásítì kankan, ẹnu rẹ̀ ló jẹ ẹ́ lóyè. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin kan tí iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì látòkè délẹ̀, gbogbo Sátidé ló sì máa ń lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa ohun tó ń tà. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni bó ṣe máa ń pe orúkọ àwọn tó ń ṣe dùùrù oníná káàkiri ayé. Ó kórìíra kí wọ́n pe orúkọ wọn ní òdì bí ẹni kórìíra ikú.

"Ẹ wo M-O-O-G yìí," á ní. "Ẹ má pè é ní Múùgù mọ́. Móògù ni! Orúkọ ìdílé ni, bí àwọn tó ń jẹ́ ẹ sì ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹni tó ni orúkọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Buchla ní Bọ́ṣílà, ẹ tọrọ àforíjì. Búkúlà ni!"

Orúkọ kan tún wà tó ní W níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n W náà kì í ṣe W rárá. Ó ní kéèyàn fi eyín òkè tẹ ètè ìsàlẹ̀ kó sì fẹ́ atẹ́gùn. Àwọn oníbàárà á dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa fẹ́ ẹ, títí itọ́ á fi ta sára gíláàsì.

Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Onídùùrù ní tirẹ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kan nǹkan pọ̀, ó kéré tán, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kó mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ.

Ohùn ọkùnrin náà gba inú ilẹ̀kùn wọlé báyìí, ó dùn bí oyin. "Ẹ̀yin ará, ohun tuntun kan ti dé o! Ará ilé wa ló ṣe é, obìnrin sì ni. Ẹ̀rọ náà dára, mi ò purọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Aràn."

Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nílé iṣẹ́ rédíò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, òun alára sì ń rẹ́rìn-ín. "Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé torí pé ó máa ń wọni nínú ni. Ẹ rántí lo oògùn aràn kí ẹ tó wá rà á o!"

Irin gbígbóná yẹ̀ lọ́wọ́ Onídùùrù, ó sì jó o ní àtàǹpàkò. Ó gbọ́ tí bọ́tìnnì rédíò ìyá ró kẹ́, ilé sì dákẹ́ lọ gbári.

"Ọmọ mi," ìyá pè é láti yàrá kejì.

"Mà."

"Ṣé èmi ni ọkùnrin yẹn ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, Mà. Ẹ̀rọ ló ń sọ."

"Orúkọ ta ni ẹ̀rọ ń jẹ́?"

Onídùùrù ki àtàǹpàkò bọ ẹnu.

Kò tíì di ọ̀sán tó ti pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ti múra ọ̀rọ̀ tútù sílẹ̀ kó tó pè é, nítorí ó mọ ara rẹ̀; bí inú rẹ̀ bá ti ń ru, ohùn rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún bí ẹ ṣe dárúkọ wa. Ṣùgbọ́n àrán ni, aràn kọ́. Àrán, aṣọ tó rí múlọ́múlọ́ tó ń dán yẹn. Inagijẹ ìyá mi ni."

"Háà, Àǹtí mi! Ìyẹn mà dùn o. Ṣẹ́ ẹ rí i, ó ti wọ àwọn èèyàn létí. Láti àárọ̀ ni fóònù mi kò ti sinmi."

"Ẹ máa bá mi ṣe àtúnṣe lórí rédíò, àbí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó dáhùn. "Ṣebí tiwa-n-tiwa ni."

Onídùùrù fọkàn balẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dà bí ẹyin, bó bá ti balẹ̀ ó ti fọ́. Kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣú, oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkángun òpópónà ti bi í pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, aràn yín ńkọ́?" Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ di ikùn wọn mú bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ilé, wọ́n ń pariwo, "Yéè, aràn!" Ìyá jókòó lójú fèrèsé. Ojú wọn kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣe etí wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì rọra ti fèrèsé. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ti fèrèsé.

Nígbà tó rí ìyẹn, Onídùùrù kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Èrò díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn sípíkà ńlá kan, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dọdẹ, ó ń wá bí ọ̀rọ̀ tútù tó tún múra sílẹ̀ yóò ṣe kọ́kọ́ jáde ni. Ibẹ̀ ló wà tí ọmọge kan tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn fi wọlé.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo Múùgù kékeré tó wà lókè yẹn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n na ìka rẹ̀ sókè bí olùkọ́. "Móògù."

"Móògù, sà."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Móògù."

"Kó wọ̀ ọ́ lẹ́nu dáadáa."

"Móògù, sà," ọmọge náà wí lẹ́ẹ̀kẹta, ojú sì ń tì í díẹ̀.

"O ṣeun. Ẹni tó ni orúkọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, aràn yẹn náà ńkọ́? Èyí tí ẹ sọ lórí rédíò."

"Aràn wà nílẹ̀ dáadáa!" Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí orí tábìlì tí dùùrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà. "Tẹ̀ ẹ́ wò, kò ní bù ọ́ jẹ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tútù tó wà lẹ́nu Onídùùrù gbẹ. Ó jáde lẹ́yìn sípíkà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ na ìka yín sókè."

"Àǹtí mi! Ẹ káàbọ̀ o. Nígbà wo lẹ wọlé?"

"Mo ní kí ẹ na ìka yín sókè! Ó pe Múùgù, ẹ na ìka, ẹ ní kó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pe ìyá mi ní kòkòrò inú, ẹ rẹ́rìn-ín. Níbo ni ìka yẹn lọ?"

Ọkùnrin kan tó ń dán ìlù wò gbé igi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ rọra, Àǹtí mi," Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń pẹ̀tù sí ọmọdé nínú. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Àwọn ará ọ̀nà jíjìn yẹn, bí a bá pe orúkọ wọn ní òdì, wọ́n á ní a ò lajú. Ṣùgbọ́n tiwa-n-tiwa ni èyí. Ta ló máa sọ pé a ò lajú?"

"Èmi!" Onídùùrù fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi ni mo ń sọ ọ́! Ẹ ò lajú! Ẹni tí ẹ ò rí rí, tí kò mọ̀ pé ẹ wà láyé, ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn láàárín eyín nítorí orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo gba iwájú gíláàsì yín kọjá lójoojúmọ́, tí ẹ mọ ilé mi, tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà tí ìyá mi bá fi ránṣẹ́, orúkọ tèmi ni ẹ wá fi ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín!"

"Ẹ̀rín náà ló ń tà á o. Èèyàn mẹ́rin ti béèrè rẹ̀ láti Sátidé. Ẹ jẹ́ kó máa tà ná, ẹ tó ṣe àtúnṣe."

"Kó má tà!"

Ìgbà yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbójú sókè. Ó rìn lọ síbi tábìlì, ó sì gbé ìka rẹ̀ lé iwájú dùùrù kan, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà funfun tó yọ síta díẹ̀ kọ orúkọ sí. "Ó dáa. Ẹ wá bá mi kà á. A, R, A, N. Àmì ohùn dà? Ẹ fi hàn mí. Ṣé orí ni kí n fi mọ̀ pé àrán ni? Kí ló dé tí kì í ṣe aràn? Kí ló dé tí kì í ṣe arán, bíi ti arúgbó tó ń ṣarán?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Onídùùrù níbi tí ẹran ti tinrín. Torí pé kò ní èsì, ńṣe ló tún pariwo sí i.

"Mo pè yín lórí fóònù! Mo sọ fún yín láti ẹnu mi! Ẹni tó ni orúkọ ló pe orúkọ fún yín, ẹ sì ní kí n fọkàn balẹ̀!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà iná. Ó yọ ti àkọ́kọ́, ó yọ ti ìkejì, ó gbé dùùrù kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó sì doríkọ ẹnu ọ̀nà. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Ó pe Káfíńtà lórí fóònù pé kó wá fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ bá òun, kó má bi òun léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ máa kábàámọ̀ o, Àǹtí mi. Ṣọ́ọ̀bù wo ló tún ní gíláàsì bí èyí?"

Ọmọge onígìtá gbé ẹ̀kẹta tẹ̀lé e dé ìta. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì rọra sọ pé, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀ ni. Àrán. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Onídùùrù fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀, ẹkún kò wá sójú rẹ̀ àfi ìgbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ délé, ìyá ní kí wọ́n gbé ọ̀kan wá fún òun. Káfíńtà gbé e lé wọn lórí itan. Ìyá fi ìka wá iwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wá ojú abẹ́rẹ́, títí wọ́n fi kan lẹ́tà mẹ́rin náà. Wọ́n lọ wọ́n bọ̀ lórí rẹ̀.

"Àmì dà?"

Ẹnu ya Onídùùrù pé ìbéèrè kan náà ló tún bá òun délé.

"Ẹni tó kọ ọ́ ló ní kí n yọ ọ́, Mà. Ó ní àmì máa ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó ní ńṣe ló máa dà bí ẹni pé eṣinṣin yàgbẹ́ sórí rẹ̀."

"Ìwọ sì gbà."

Ó fẹ́ sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ogójì ló wà nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni òótọ́. "Mo fẹ́ kó jọ ti àwọn ará ọ̀nà jíjìn, Mà," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Tiwọn kì í ní àmì lórí. Ó máa ń dán lójú bẹ́ẹ̀."

Ohùn ìyá kò ga, ṣùgbọ́n ó le.

"O gbọ́, ọkùnrin yẹn ṣe àfojúdi, mi ò sì ní tètè gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ gé mi létí. Òun kàn bá mi láìlétí ni, ó wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Tó o bá máa jà, jà dé ilé."

Káfíńtà ń wo ilẹ̀. Onídùùrù, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, Mà."

"Mo ń bínú," ìyá dáhùn. "Dìde, orúnkún rẹ ò dára."

Káfíńtà ló dá ọgbọ́n ti àmì. Ó ní wáyà bàbà tó nípọn díẹ̀ wà nílé òun, pé bí òun bá gé e kéékèèké, òun á kàn án mọ́ ara pákó lókè A méjèèjì: ọ̀kan dà sísàlẹ̀, ọ̀kan gòkè. Kò ní ṣí, kò sì ní parẹ́. Ó fi ọ̀kan dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá fi ìka kàn án, wọ́n ní ó dáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ọmọ wọn ní ìbéèrè kan tó gbé e lọ́kàn títí ilẹ̀ fi mọ́.

"Ẹ̀rọ tó lè kọ orin gbogbo ayé, ṣé kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ ni?"

Ó lè pè é. Dò àti mí lásán ni. Ohùn ìsàlẹ̀ kan, ohùn òkè kan, À-rán. Bí èèyàn bá ti tan iná ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kó tó gba orin ẹnikẹ́ni. Onídùùrù rò pé ọjọ́ kan ni òun máa fi parí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà á, kì í sì í ṣe nítorí wáyà. Ìyá ni onídàájọ́, wọn kì í sì í gbojú bọ̀rọ̀. Wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á mi orí.

"Rárá. Bí àwọn tó gbàgbé àpótí wọn sọ́dọ̀ mi, tí wọ́n sáré padà wá, ṣe ń pè mí nìyẹn. Ó ti yá jù."

Á tún un ṣe.

"Rárá. Ìyẹn ń kígbe. Ta ló ń lé e?"

Á tún un ṣe.

"Ti ìsàlẹ̀ yẹn dáa. Ti òkè yẹn ni kó gòkè láìlágídí."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tan iná. Ẹ̀rọ náà sọ ohùn méjì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn. Ìyá ń bó ọsàn lọ́wọ́. "Mo wà níbí o!" wọ́n dáhùn kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín débi tí ọsàn fi bọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ orin kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ọmọge onígìtá, ó wá sílé, ó tan án, ó pa á, ó tún tan án. Mẹ́jọ ló mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá níwájú ilé kò di ikùn mú mọ́. Dò-mí ni wọ́n ń kọ, àwọn kan sì ń ṣì í kọ.

Inú Onídùùrù kò tíì rọ̀ o. Bó bá ń kan nǹkan, á máa bá Ọ̀jọ̀gbọ́n jà nínú ọkàn rẹ̀, á máa sọ ohun tó yẹ kó ti sọ lọ́jọ́ náà. Kò jẹ́ kí wọ́n tan rédíò lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Nítorí náà, Káfíńtà ló gbọ́ ọ, òun ló sì sáré rékọjá òpópónà pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́ wá ròyìn. Ó ní ọmọge kan pe orí ètò náà, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n pe Móògù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì pè é. Ó tó àkókò kí ẹ̀yin náà pe Àrán lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ìlà fóònù ò dára, ó sì fi orin sí i. Ṣùgbọ́n fóònù kò dúró. Àwọn mẹ́ta míì tún pè. Nígbà tí orin parí, ó sọ ọ́.

"Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mélòó?" Onídùùrù bi í.

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ó sì yára."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi pè é ní aràn?" Ó na irin gbígbóná sí Káfíńtà bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Ní Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó gbé èso dání nínú ike. Onídùùrù dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn.

"Dùùrù lẹ wá bá, àbí èèyàn?"

"Méjèèjì," ó dáhùn. Ó kéré ju bó ṣe máa ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. "Àwọn oníbàárà ń béèrè. Mo sì... Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n wọlé kí Màmá."

"Jẹ́ kó wọlé," ìyá wí láti inú.

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá Àrán." Ó pè é dáadáa, kò sí àbùkù níbẹ̀.

"Ẹ káàsán. Ẹ jókòó. Ìyá tiyín ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, Mà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá."

"Ó mà ṣe o. Inagijẹ wo ni wọ́n ń pè wọ́n?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n yí èso náà lọ́wọ́. "Ẹtu, Mà. Ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́."

Ìyá mi orí díẹ̀díẹ̀. "Orúkọ tó dáa ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ Ìyá Ẹ̀tù sí afẹ́fẹ́ rere."

"Ẹtu, Mà."

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀tù."

"Rárá, Mà!" Ọkùnrin náà ti dìde lórí àga láìmọ̀, ìka rẹ̀ sì ti wà lókè. "Ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sínú ìbọn! Ẹtu ni ìyá mi, ẹranko inú igbó tó rẹwà yẹn. Ẹtu! Ẹ má pè wọ́n bẹ́ẹ̀, Mà, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìka ara rẹ̀ lókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì jókòó. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ó dùn yín," ìyá wí jẹ́jẹ́. "Ẹtu. Mo ti gbọ́. Ìyá Ẹtu."

"Ẹ dárí jì mí, Mà," ọkùnrin náà wí. Kò dárúkọ oníbàárà mọ́, kò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ kò dùn bí oyin rárá.

Ìyá ní kí ọmọ wọn lọ wá ọ̀bẹ wá kí wọ́n gé èso náà. Onídùùrù lọ, ó sì pẹ́ níbi tó ti ń wá ọ̀bẹ tó wà níwájú rẹ̀. Inú ń bí i sí ìyá rẹ̀ báyìí pé wọ́n tètè dárí ji ẹni tó yẹ kó tún jókòó díẹ̀ sí i nínú òógùn rẹ̀. Nígbà tó padà, àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí fèrè láyé àtijọ́.

Mẹ́ta ni Onídùùrù fún un gbé lọ, kì í ṣe mẹ́fà. Ó bá a gbé e dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì dì í mú kó tó jẹ́ kó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta," ó sọ fún un. "Lórí rédíò. Lọ́jọ́ Sátidé. Kí ẹ sì má yára."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí mi."

"Bí mo bá sì tún gbọ́ aràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ẹ ò na ìka, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Ọkọ̀ náà lọ. Káfíńtà tó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ní òdìkejì bi í bóyá inú rẹ̀ ti wá dùn báyìí. Onídùùrù ní kó lọ gé wáyà bàbà sí i, pé mọ́kànlélógún ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì ní àmì lórí.